Etí Àwo Tí Mo Fá Dànù

Nínú kọ́ńpìnnì ike tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìsọlọ̀, bí àwa obìnrin tó ń jókòó sídìí tábìlì bá ní ká "tọ́jú" nǹkan, abẹ là ń sọ. Abọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹ̀rọ máa ń ní ìyókù ike tẹ́ẹ́rẹ́ létí, bí ẹ̀kọ ṣe ń ṣẹ́ kù sẹ́nu ọmọdé. Àwa la máa ń fi abẹ fá a kúrò. "Bá mi tọ́jú ìdérí yìí." "Ṣé o ti tọ́jú àwọn àga kékeré yẹn?" Bí a ṣe ń sọ ọ́ látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn, títí mo fi gbàgbé pé ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ mìíràn lẹ́nu àwọn ará ìta.

Ìtumọ̀ mìíràn yẹn ló kù díẹ̀ kó gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi.

Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni nígbà náà. Inú páálí ńlá kan ló máa ń wà lẹ́yìn àga mi, lórí ìró mi tí mo ṣẹ́ po. Kò sí òfin tó ní kí ọmọ wọ ilé iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ olórí tábìlì wa ló bá mi bẹ súpáfáísọ̀. Ó ní ọmọ náà kì í sunkún. Súpáfáísọ̀ ní òun ò rí ọmọ kankan o, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ń wò ó láti inú páálí. Báyẹn ló ṣe gbà. Kí n tó ríbẹ̀, mo ti wáṣẹ́ láti Èjìgbò títí dé Àgọ́ Palace. Ibi tí mo bá dé, ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, wọn kì í wo ojú mi rárá.

Ọkọ mi ń tẹ́ táìlì. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé ló ń sùn, nígbà míì ọ̀sẹ̀ méjì á kọjá kó tó wálé. Èmi àti ẹ̀ ti jọ sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: bí iṣẹ́ náà bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ọmọ á lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìwó títí màá fi rí òmíràn. Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyá rẹ̀ náà kì í ṣe èèyàn burúkú, ó tọ́ ọmọ méje, gbogbo wọn ló yè. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà ní ilé kejì wa ní Èjìgbò tí ọmọ tiẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà fún oṣù mẹ́ta péré. Oṣù mẹ́ta di ọdún méjì. Nígbà tí ọmọ náà padà dé, ìyá àgbà ló ń pè ní màmá. Ìyá tó bí i, "àǹtí" ló ń pè é. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ gbọ́ nǹkan tó ń sọ," ó sì wọ ilé lọ, kò jáde mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù nìyẹn, kì í ṣe ebi.

Ọjọ́ Túsìdé kan ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi bárò ti irin ńlá wọ ọgbà wa. Tíṣà eré ìdárayá ni ní ilé ìwé kan lápá Ọ̀kọ́ta. Irin náà ni mọ́ọ̀dù, irin méjì tó ń pàdé ara wọn bí àtẹ́lẹwọ́. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni wọ́n ń rọ ike gbígbóná sí, á sì gba ìrísí ohun tí wọ́n gbẹ́ sínú irin. Tíṣà fẹ́ ká fi bá òun ṣe àwo. Ó kó o wá sídìí tábìlì wa kó lè ṣàlàyé, ó mú ọ̀kan tó ti gbó lọ́wọ́, èyí tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ débi pé gbogbo ara ẹ̀ ti dán bí òkúta odò. A ò mọ orúkọ ẹ̀, la bá ń pè é ní Búọ̀dá Àwo.

Obìnrin tó jókòó lápá òsì mi gba àwo náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Búọ̀dá, àwo tí kò ṣeé bu ọbẹ̀ sí, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Jíjù la ń jù ú, ìyá mi."

"Ẹ jù ú lu ta?"

"A ò lu èèyàn o. Apẹ̀rẹ̀ onírin la máa ń gbé kalẹ̀ lórí pápá, a ó so ṣéènì yí i ká. Ẹni tó bá fi ìjù díẹ̀ sọ àwo sínú ẹ̀ ló borí."

"Ẹ̀yin olówó! Lọ́dọ̀ tèmi, ọmọ tó bá ju àwo, ẹgba ló ń jẹ."

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi, torí pé iṣẹ́ ẹ̀ ni wọ́n gbé fún mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Bébì, ẹ bá mi tọ́jú etí ẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ta mọ́ọ̀dù fún mi sọ fún mi pé etí yẹn ni gbogbo ẹ̀."

Mo ní, "Ẹ má mikàn. Màá tọ́jú ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwo. Òun ló ń darí ẹ̀rọ, àgbàlagbà, ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní pámárì. Ó fẹ́ràn ọmọ mi. Tó bá ń kọjá, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, ọmọ á sì di ojú pọ̀, á máa rẹ́rìn-ín. Ó kó àwọn àwo tó kọ́kọ́ jáde wá bá mi, ó tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì.

Ó ní, "Má tò wọ́n léra o. Bí ọ̀kan bá gbóná lé ọ̀kan lórí, ikùn ẹ̀ á yọ. Tíṣà ní bí ikùn ẹ̀ bá yọ, á kàn máa léfòó kiri bí ewé ni."

"Ó yá, sà."

"Àti pé ike tuntun ni mo fi ṣe é, mo bu àlọ̀tún díẹ̀ lé e."

Àlọ̀tún ni ike tó ti jẹ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, abọ́ tó fọ́, ìdérí tó wọ́, tí wọ́n wá lọ̀, tí wọ́n tún yọ́. Bàbá máa ń ní ike tí wọ́n ti yọ́ rí ti jìyà rí, kì í le bíi ti àkọ́yọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ la máa ń bu díẹ̀ sí.

Èmi nìkan ni mo wà lórí iṣẹ́ àwo lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n wa ti lọ Òṣogbo lọ wo ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, àwọn tó kù ń fá bàsíà tí oníbàárà ń kánjú ẹ̀. Mo gbé àwo kan, mo dojú ẹ̀ dé. Etí ẹ̀ nípọn ju ti abọ́ lọ, inú ẹ̀ sì ṣófo. Lábẹ́ etí yẹn gan-an, níbi tó máa fi kan ilẹ̀ bó bá bà, mo rí ike tín-ín-rín kan tó yọ, tó yí po, bí ìgbátí tí wọ́n rán mọ́ etí aṣọ. Mo mọ irú ẹ̀. Bí mọ́ọ̀dù abọ́ bá gbó tí ẹnu ẹ̀ ò pàdé dáadáa mọ́, ike máa ń yọ síta báyẹn. Mo wá rántí pé Búọ̀dá Àwo ní kí n tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Mo mú abẹ tuntun.

Mo fá a. Mo fá a tìfẹ́tìfẹ́, mo ń fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò títí kò fi ha mí lọ́wọ́ mọ́. Páálí méjì kún. Nígbà tí mo parí, inú mi dùn sí ara mi, mo tiẹ̀ ń ronú pé tí Ẹ̀gbọ́n bá dé, màá fi ọ̀kan hàn án.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, mo ń fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́ nígbà tí Búọ̀dá Àwo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà wa, ibẹ̀ ló ti lọ dán àwọn àwo náà wò. Àágùn bò ó. Ó kọjá lára mi, ó lọ bá súpáfáísọ̀ níbi tó dúró sí pẹ̀lú Bàbá Ẹ̀rọ.

"Ọ̀gá, àwo yìí ò wálé."

"Kò wálé? Ṣé ẹyẹlé ni?"

"Ẹ dákun, ẹ gbọ́ mi. Bí mo bá fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú, ó yẹ kó lọ gbọọrọ, kó yà sọ́tùn-ún díẹ̀. Tí agbára ẹ̀ bá wá ń tán lọ, kó ṣẹ́rí padà sósì kó tó bà. Ohun tá à ń pè ní wíwálé nìyẹn. Àwọn èyí, bí wọ́n bá ti yà sọ́tùn-ún, ó di gbére. Ọ̀kan ti wà lórí páànù ilé onílé báyìí, wọ́n sì ti bú mi."

Súpáfáísọ̀ yíjú sí Bàbá. "Bàbá, irú ike wo lẹ dà sí i?"

"Ike tuntun ni, sà. Mo bu àlọ̀tún díẹ̀ lé e bí a ṣe máa ń ṣe."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ bu àlọ̀tún sí iṣẹ́ yìí?"

Búọ̀dá Àwo ní òun ò mọ̀ o, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún òun pé ike lè fà á. Ó ní mọ́ọ̀dù kan náà, tí wọ́n bá da ike líle sí i, àwo á dúró lójú ọ̀nà ẹ̀, á sì ṣẹ́rí padà bó ṣe yẹ. Tí ike bá rọ̀, á máa gba ìyànjẹ lọ́wọ́ atẹ́gùn, bó bá sì ti lu igi bíi mélòó kan, kò ní fò bíi ti àkọ́kọ́ mọ́.

"Ẹ gbọ́ bí?" Súpáfáísọ̀ na ìka sí Bàbá. "Lọ́la, ẹ máa ṣe mẹ́ta: ti ike tuntun lásán, ti oní-àlọ̀tún, àti ti ike rírọ̀. A máa jù wọ́n lójú ara wa. Bí ti tuntun bá wálé, tí ti àlọ̀tún ò wálé, Bàbá, ẹ̀yin náà mọ ohun tó kàn. Ilé ló kàn. Ìyá Bébì!"

"Sà!"

"Ìwọ lo máa tọ́jú wọn."

Mo ní, "Ó yá, sà." Títí dìgbà yẹn, kò sí ohunkóhun tó sọ sí mi lọ́kàn. Àánú Bàbá ló ṣe mí. Mo so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, mo lọ bu omi, mo sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kọjá. Wọ́n ti ṣí mọ́ọ̀dù sílẹ̀ kí wọ́n lè nù ún. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ wò ó ni, bí èèyàn ṣe ń wo ìkòkò ọlọ́bẹ̀.

Mo rí ihò tóóró kan nínú irin, ó yí po, bó ṣe jìn níbí ló jìn lọ́hùn-ún. Mo ti ìka bọ̀ ọ́. Ó dán. Ẹnìkan ló jókòó tó gbẹ́ ẹ, tó sì mọ ohun tó ń gbẹ́. Ìgbátí tí mo fá dànù kì í ṣe ìyókù ike. Ara àwo ni.

Ọmọ ń fà mí nírun láti ẹ̀yìn, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí ẹni tó rí mi. Mo yọ ìka mi, mo nù ún mọ́ aṣọ bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀, mo sì padà sídìí tábìlì láìbu omi.

Nírọ̀lẹ́, nínú yàrá wa ní Èjìgbò, fóònù dún. Ìyá ọkọ mi ni.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Kú ìrọ̀lẹ́. Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ó ti ń rá?"

"Ó ti ń rá dáadáa, mà."

"Ibo ló ń rá sí? Inú páálí?"

Mi ò sọ fún un rí pé inú páálí lọmọ ń wà. Ọkọ mi ló sọ. Mo ní ibẹ̀ mọ́, mà, mo máa ń tẹ́ aṣọ sí i. Ó ní, "Ilẹ̀ pọ̀ níbí o." Mo gbé ọmọ sáyà, mo sì mú un mọ́ra débi tó fi ké. Ẹ̀rù tó bà mí lálẹ́ yẹn kì í ṣe èyí tí ń mú èèyàn sá lọ. Èyí tí ń mú èèyàn jókòó sójú kan ni, tó ń ṣírò irọ́ tó máa pa.

Mo sì ṣírò ó. Àwo mẹ́ta ló ń bọ̀ lábẹ́ abẹ mi. Bí mo bá fi ìgbátí sílẹ̀ lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo wọn á wálé, wọ́n á wá bèèrè ohun tó ṣe ti àkọ́kọ́, ọwọ́ ta ló sì kẹ́yìn lára wọn bí kò ṣe ọwọ́ mi? Bí mo bá fá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó máa wálé. Wọ́n á ní mọ́ọ̀dù ni kò dáa, Búọ̀dá Àwo á ti irin ẹ̀ lọ, iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ò sì ní bọ́. Tíṣà nìkan ló máa gbé e mì. Ìyẹn ni mo pinnu láti ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ nínú ìwé yìí: mo tún ro ọ̀nà kẹta. Bí mo bá fá ti oní-àlọ̀tún nìkan, tí mo fi ti tuntun sílẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí sórí Bàbá, kò sì sẹ́ni tó máa wojú mi láéláé. Mo rò ó. Mo rò ó pẹ́.

Ní Fúráìdé, Bàbá kọ́kọ́ gbé ti ike tuntun wá. Ó funfun, ó le, bí mo ṣe kàn án mọ́ tábìlì, ó dún bí abọ́ tánganran. Mo fá ìgbátí ẹ̀. Ó gbé ti ike rírọ̀ wá, èyí tó ń tẹ̀ bí ahọ́n. Mo fá a. Ọmọ jí nínú páálí lẹ́yìn mi, ó ń dá ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ sọ.

Bàbá wá gbé ti oní-àlọ̀tún dé, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi páálí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ lójú.

Ó ní, "Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ìkìrun la máa lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú." Ó tún fẹ́ atẹ́gùn, ó wá bá ọmọ sọ̀rọ̀. "Ìwọ lo máa sọ mí nù. Ta ló máa máa fẹ́ ọ lójú?"

Kò sọ ọ́ kí àánú lè ṣe mí. Ká ní ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ǹ bá ti sé ọkàn mi le. Mo wo àwo tó wà níwájú mi. Ó wá yé mi pé mọ́ọ̀dù tí mo fẹ́ parọ́ mọ́ ò ní gba Bàbá sílẹ̀. Súpáfáísọ̀ ti ní ẹni tó fẹ́ lé. Bí gbogbo àwo bá kọ̀ tí wọn ò wálé, á tún ní àlọ̀tún ló ba inú ẹ̀rọ jẹ́.

Mo gbé abẹ kalẹ̀. Mo pọn ọmọ, mo kó àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì jáde lọ sí pápá.

Àwọn mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Súpáfáísọ̀, Búọ̀dá Àwo, àti Bàbá tó tẹ̀lé mi dé. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń yọjú lójú fèrèsé. Búọ̀dá Àwo gba ti ike tuntun, ó fi apá dá ìlà, ó jù ú. Ó lọ gbọọrọ, ó yà sọ́tùn-ún, ó ń yà lọ títí ó fi lu ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ pápá. Kò wálé. Súpáfáísọ̀ di ojú pọ̀. Búọ̀dá Àwo ju ti rírọ̀. Òun náà yà lọ, ó sì fi ìdí gbálẹ̀.

"Ti Bàbá dà?" ni Súpáfáísọ̀ wí.

Mo nawọ́ ẹ̀ sí Búọ̀dá Àwo. Ó jù ú. Àwo náà lọ, ó yà sọ́tùn-ún díẹ̀, mo rò pé ó ti lọ. Ó wá dà bí ẹni pé ó rántí nǹkan. Ó ṣẹ́rí, ó rọra ń bọ̀ sósì, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó sì bà sórí koríko láìpariwo.

"Ó wálé!" Búọ̀dá Àwo fò sókè. "Àlọ̀tún ló wálé!"

Bàbá la ẹnu, kò lè pa á dé. Súpáfáísọ̀ ní, "Irú kí leléyìí? Èyí tó yẹ kó dáa ò dáa, èyí tí kò yẹ kó dáa ló ń fò?"

Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn tọmọtọmọ. "Sà, kì í ṣe Bàbá. Èmi ni mo fá a."

"Kí lo fá?"

"Ìgbátí tó wà lábẹ́ etí ẹ̀. Mo rò pé ìyókù ike ni. Àwọn tí wọ́n jù lánàá, èmi ni mo fá gbogbo ẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ òní náà, mo fá a. Ti Bàbá nìkan ni mi ò fá."

Búọ̀dá Àwo sáré lọ mú un, ó fi ìka yí abẹ́ ẹ̀ po. Ó mú èyí tó ti gbó jáde nínú báàgì ẹ̀, ó yẹ òun náà wò. Ìgbátí tiẹ̀ ti jẹ tán lára ilẹ̀, ìdí tí kò fi mọ̀ nìyẹn. "Ìyá Bébì! Mo ní kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ fá a!"

"Ọ̀kan náà ni wọ́n lọ́dọ̀ wa, sà."

Bàbá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dùn. Búọ̀dá Àwo wá ń ṣa àwọn tí mo ti fá. Ó ní kí wọ́n má lọ̀ wọ́n o. Ó rọra ju ọ̀kan, bí ẹni tí kò lágbára, àwo náà sì lọ tààrà, kò yà síbì kankan. Ó ní, "Àwọn ọmọ kékeré ni màá fún. Ọwọ́ wọn ò le. Èyí tó ní ìgbátí, bí wọ́n bá ti jù ú ló ń já sósì." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n Súpáfáísọ̀ ni mo ń wò.

Ó yíjú sí mi. "Iṣẹ́ ẹ ò bọ́. Ṣùgbọ́n láti Mọ́ńdè, mi ò fẹ́ rí ọmọ yẹn níbí mọ́. Ojú ẹ ń bẹ lọ́dọ̀ ọmọ, ọwọ́ ẹ ń bẹ lórí iṣẹ́. Àbáyọrí ẹ̀ lèyí."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mi ò mọ ohun tí mo ń dúpẹ́ fún.

Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ títí iṣẹ́ fi fẹ́ tán. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti àná, sà. Lọ́sàn-án."

"Hm." Ó wo páálí, kò bẹ̀rẹ̀. "O jẹ́ kí n di ẹrù." Ó lọ.

Ọkọ mi gbọ́ lórí fóònù, kò pariwo. Ó ní màmá òun á wá gbé ọmọ ní Sọ́ńdè. Màmá sì wá, pẹ̀lú gààrí àti ìṣu. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti di gbogbo aṣọ ọmọ sínú báàgì kan, mo gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí a ṣe jẹun tán, ojú mi ti pọ́n, mo ro gbogbo ẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà kẹta yẹn tí mi ò sọ fún ọmọ rẹ̀.

Mo ní, "Mà, ẹ má gbé e lọ. Ẹ bá mi dúró tì í níbí. Bó ṣe oṣù kan péré, títí màá fi rí ẹni tó máa bá mi mójú tó o."

Ó wo yàrá náà yí ká. "Kí n dúró nínú yàrá kan ṣoṣo? Bí ọkọ rẹ bá dé ńkọ́, kí n máa wo òrùlé?"

"A ó ṣe é, mà."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé màá gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Ó tẹ́ ẹní, ó gbé ọmọ sùn.

Mo lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè láìmọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀. Ẹ̀yìn mi fúyẹ́ débi pé mo ń rìn wọ́gọwọ̀gọ. Ọmú mi kún, ó ń kán sí aṣọ mi. Mo pe fóònù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Mo ń fá bàsíà, ọkàn mi wà ní gáréèjì, mò ń wo mọ́tò Ìwó tó ń kún. Bí iṣẹ́ ṣe tán, mo sáré wọ kẹ̀kẹ́, mo tún sọ̀kalẹ̀ kó tó dé òpin, mo fi ẹsẹ̀ sáré ìyókù.

Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wa.

Mo fi ojú mọ́ fèrèsé. Báàgì tí mo gbé sẹ́bàá ilẹ̀kùn ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Aládùúgbò kan bèèrè ohun tó ṣe mí, mo na ìka sí àgádágodo.

Mo wá gbọ́ ẹ̀rín. Láti ẹ̀yìnkùlé ni, níbi kànga. Ẹ̀rín ọmọ mi ni.

Mo sáré yípo. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí àpótí, ọmọ wà nínú bàsíà, ó ń fi ọwọ́ gbá omi. Báàgì náà ṣófo nílẹ̀. Gbogbo aṣọ tí mo dì sínú ẹ̀, títí kan fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, ló wà lórí okùn, wọ́n ń kán tótó.

"O ti dé," ló wí, kò wojú mi. "Aṣọ ọmọ yìí, gbogbo ẹ̀ ló ń rùn ike. Mo fọ̀ ọ́. Mi ò lè gbé ọmọ rin ìrìn àjò pẹ̀lú aṣọ tútù, àfi kí wọ́n gbẹ ná."

Mo wo òkè. Òjò ti ṣú bo gbogbo Èjìgbò. Gbogbo èèyàn ń sáré ká aṣọ wọn lórí okùn. Èmi dúró, mo ń wo aṣọ ọmọ mi, mi ò ká a, òun náà ò sì ní kí n ká a.